Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Yọ Kúrò Lára Agolo Banania

  Ìtàn tòní dá lórí ọ̀rọ̀ kúkúrú kan tí ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Faransé kọ sára agolo oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ náà dá àríyànjiyàn sílẹ̀ títí tó fi dé ilé-ẹjọ́.

Banania ni orúkọ oúnjẹ náà. Ìyẹ̀fun ni, tí wọ́n fi kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọkà àti ṣúgà ṣe. Wọn a pò ó mọ́ wàrà gbígbóná fún àwọn ọmọdé láàárọ̀. Pierre Lardet ló dá a sílẹ̀, ó sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1914. Ní 1915, nígbà tí ogun ńlá ti gbóná, wọ́n ya àwòrán sójà aláwọ̀ dúdú kan fún ìpolówó rẹ̀. Sójà náà dé fìlà pupa, ó mú ṣíbí lọ́wọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Y'a bon". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "Ó dára", ṣùgbọ́n Faransé tí kò pé ni.

Ta ni sójà yìí? Wọ́n ń pe irú rẹ̀ ní "tirailleur sénégalais". Ní Sẹ̀nẹ̀gà ni ìjọba Faransé ti dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà sílẹ̀ ní 1857, ìdí nìyẹn tí orúkọ Sẹ̀nẹ̀gà fi mọ́ wọn lára. Ṣùgbọ́n láti gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti kó wọn, títí kan Dàhòmè, tí à ń pè ní Benin láti 1975. Ní oṣù August 1914, irú àwọn sójà yìí wà lára àwọn tó lé Jámánì kúrò ní Tógò. Nígbà tí ogun náà fi parí ní 1918, àwọn tí wọ́n ti kó lé ní 160,000. Nǹkan bí 30,000 nínú wọn ni kò padà wálé.

Ǹjẹ́ ẹ̀rín ni wọ́n ń rín lọ sógun? Àwọn kan lọ tinútinú wọn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, kòmáńdà á sọ iye ọ̀dọ́mọkùnrin tí olóyè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kó wá. Ní agbègbè Kétu àti ní Ọ̀họ̀rí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kó ẹrù wọn, wọ́n sá kọjá ààlà sí Nàìjíríà. Ní Borgu, Bio Guera kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ, ó bá Faransé jà, ó sì kú lójú ìjà ní 1916. Kò sí èyí tó hàn nínú àwòrán ara agolo.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọ̀rọ̀ ẹnu sójà náà. Ní 1916, wọ́n tẹ ìwé kékeré kan ní Paris fún àwọn ọ̀gá ológun, láti fi bá àwọn sójà aláwọ̀ dúdú sọ Faransé gígékúrú. Àwọn Bàbá wa máa ń sọ pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ á di odidi. Ṣùgbọ́n ààbọ̀ ti ibí yìí, wọn kò fẹ́ kó di odidi. Wọ́n kọ́ ènìyàn ní ààbọ̀ èdè, wọ́n tún fi ààbọ̀ èdè náà ṣe é ní ẹlẹ́yà lórí tábìlì oúnjẹ.

Àwọn ọmọ Áfíríkà fèsì. Léopold Sédar Senghor, tí òun náà ti ṣe sójà Faransé tí Jámánì sì mú un lẹ́rú ogun, bínú sí ẹ̀rín Banania nínú ìwé ewì rẹ̀ tó jáde ní 1948. Ní 1977, ilé-iṣẹ́ náà yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú ìpolówó rẹ̀. Àmọ́ ó tún yọjú lára àwọn ọjà kan lẹ́yìn náà. Ẹgbẹ́ MRAP, tó ń bá ìkórìíra ẹ̀yà jà, pe ẹjọ́. Ní 2011, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Versailles pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ Nutrimaine, tó ni Banania, má ta ọjà tó ní ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ẹnu àwọn ènìyàn kò kò lórí rẹ̀. Àwọn kan ní ilẹ̀ Faransé sọ pé ìrántí ìgbà èwe àwọn ni, kò sí èébú nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn ní bí a bá ń pa àwòrán àtijọ́ rẹ́, a ó gbàgbé àwọn sójà náà. Ó yẹ ká gbọ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ṣé àwòrán náà mú kí wọ́n rántí sójà náà lóòótọ́? Lẹ́yìn òmìnira 1960, owó tí Faransé ń san fún àwọn sójà àtijọ́ ilẹ̀ wa dúró sójú kan, nígbà tí ti ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilẹ̀ Faransé ń lọ sókè. Ní 2007 ni wọ́n tó mú owó àwọn tó jagun àti ti àwọn tó farapa dọ́gba. Ẹ̀rín wà lára agolo. Ẹ̀tọ́ kò sí lápò.

Nítorí náà, yíyọ ọ̀rọ̀ kúrò lára agolo dára, ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ ni. Ìdajì kejì wà lọ́wọ́ wa. Bí bàbá-ńlá yín kan bá ti ṣe sójà Faransé, ẹ bi àwọn àgbà léèrè orúkọ rẹ̀, ogun tó lọ, àti bó ṣe padà. Bí ìwé sójà rẹ̀ bá ṣì wà nínú àpótí, ẹ mú un wá sí kíláàsì kí a jọ kà á. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè wa, ní odidi ọ̀rọ̀.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́:
1. Ta ni sójà ara agolo Banania, ibo ni wọ́n sì ti kó irú rẹ̀?
2. Kí ló burú nínú ọ̀rọ̀ "Y'a bon"?
3. Ní ilé yín, ta ló lọ sógun Faransé?