Bata lọ, bàtà kù



Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: ṣé ilé-iṣẹ́ Bata ló fún wa ní ọ̀rọ̀ "bàtà" ni, àbí àwọn ló gbà á lọ́wọ́ wa? Bí àwa tá a wọ Cortina lọ sílé-ìwé bá ti pàdé, àríyànjiyàn yìí kì í tán. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ ẹnì kan. Bíbélì Yorùbá tó parí ní 1884 ti dárúkọ bàtà, níbi tí Jòhánù Onítẹ̀bọmi ti ní òun ò yẹ lẹ́ni tí í tú okùn rẹ̀. Ọdún 1894 ni Tomáš Baťa àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Antonín àti Anna, dá ilé-iṣẹ́ wọn sílẹ̀ nílùú Zlín, ní ilẹ̀ Czech. Orúkọ ìdílé wọn ni Baťa. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni.

Iṣẹ́ bàtà ni ìdílé yẹn ń ṣe látìrandíran. Ní 1922, ọjà kú, bàtà kún ilé-ìkẹ́rùsí. Kí ni Tomáš ṣe? Ó gé owó bàtà sí ìdajì. Ó dín owó iṣẹ́ kù pẹ̀lú, àmọ́ ó ń ta oúnjẹ àti aṣọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìdajì iye. Báyìí ni ọjà ṣe ṣí. Ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní 1932, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò kú. Wọ́n tẹ Batanagar dó ní Íńdíà, wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ sí East Tilbury, ní Essex tí àwọn ará wa pọ̀ sí lónìí. Lẹ́yìn ogun, ní 1945, ìjọba gba ilé-iṣẹ́ Zlín lọ́wọ́ wọn. Ọmọ Tomáš ti wà ní Kánádà, ibẹ̀ ló ti tún un bẹ̀rẹ̀.

Nílé wa ńkọ́? Ṣé ẹ rántí ìgbà tó jẹ́ pé Bata àti Lennards ni bàtà ọdún? Lẹ́yìn SAP ní 1986, náírà já wálẹ̀, ohun èlò wọ́n gógó. Òkìríkà àti bàtà pọ́ọ́kú láti òkè òkun wá gba ọjà. Bata Nigeria yí orúkọ padà di FAMAD. Àwọn ìsọ̀ tá a mọ̀ ti pòórá.

Ohun tó ń dùn mí nìyí: orúkọ lè lọ, iṣẹ́ ọwọ́ ni kò yẹ kó lọ. Ṣúmékà mélòó ló kù nílùú wa? Mélòó nínú wọn ló ní ọmọ iṣẹ́? Lọ́dọọdún, à ń ra sàńdà fáwọn ọmọ, kí táàmù kìíní tó parí, ó ti já. Bẹ́ẹ̀, àwọn ará Aba ń rán bàtà ní Ariaria, ó ń tà káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe idán.

Àbá mi rèé: kí ẹgbẹ́ wa gbé iṣẹ́ sàńdà ilé-ìwé ti sáà tó ń bọ̀ fáwọn ṣúmékà tiwa. Ká san àsansílẹ̀, ká fún wọn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀, ká sì sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n gba ọmọ iṣẹ́. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì sórí gúrúùpù kó tó dìpàdé. Ìlú wa á tòrò o.