Ẹyẹ Tó Lè Fò Lọ, Tí Kò Lọ

"Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá dọjọ́ ọ̀ràn kó yẹrí." Ọ̀rẹ́ ojú lásán la sábà máa ń fi òwe yìí bá wí: ẹni tó ń bá wa jẹun nígbà tí nǹkan rọ̀ wá lọ́rùn, tí a ò sì rí i mọ́ nígbà tí nǹkan dẹnu kọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ òwe náà wò dáadáa, ọ̀rọ̀ onílé náà wà nínú rẹ̀. Kí ẹyẹlé tó bá onílé jẹ, onílé ti ní láti gbé oúnjẹ kalẹ̀. Kó tó bá a mu, omi ti ní láti wà nínú àwo. Ìwà tí òwe ń yìn lára ẹyẹ yìí, ẹ̀san ìtọ́jú ni. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìwà náà ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ sin ẹyẹ fún ìgbà àkọ́kọ́ fi ṣe òṣùwọ̀n. Kí ó wá ẹyẹ tí a lè ṣílẹ̀kùn fún, tí yóò lọ tí yóò sì bọ̀, kó má wá èyí tó jẹ́ pé irin àgò nìkan ló dá a dúró. Ẹyẹlé ni mo ń wí.

Mo mọ̀ pé odídẹrẹ́ ni ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń fà sí. Ẹyẹ tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn, tí a tún ń pè ní ayékòótọ́, tí ìyẹ́ ìrù rẹ̀ pupa níyì láàfin àti nínú ìsìn, tí àwọn ará Ìwó ń fi orúkọ rẹ̀ ki ara wọn, kò lè ṣe kó má wu ni. Ọgbọ́n rẹ̀ yìí gan-an ló mú kó le fún ẹni tí kò sin ẹyẹ rí. Irene Pepperberg, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, kọ́ odídẹrẹ́ kan tó ń jẹ́ Alex láti 1977 títí ẹyẹ náà fi kú ní 2007. Alex mọ orúkọ àwọ̀, ó ń dá nǹkan mọ̀ nípa bó ṣe rí, ó sì lè ka nǹkan dé mẹ́fà. Ẹ̀dá tó ní irú làákàyè bẹ́ẹ̀, bí a bá há a mọ́ inú àgò lóun nìkan láti àárọ̀ dalẹ́, ẹnu ara rẹ̀ ló sábà ń fi fa ìyẹ́ ara rẹ̀ tu. Ó sì lè lo 40 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó fi jẹ́ pé ẹni tó rà á fún ọmọ ọdún mẹ́wàá ti gbé ẹrù tí ọmọ náà yóò rù di àgbà lé e lórí. Ọ̀rọ̀ igbó tún wà níbẹ̀. Inú igbó ni wọ́n ti kó púpọ̀ nínú èyí tó ń bẹ lọ́jà, wọ́n fi àtè mú òmíràn, wọ́n yọ òmíràn nínú ihò igi nígbà tó ṣì wà lọ́mọ. Ewu ìparun tó dojú kọ ẹ̀yà náà ló mú kí àwọn orílẹ̀-èdè tó pàdé ní Johannesburg ní 2016, lábẹ́ àdéhùn CITES lórí òwò ẹ̀dá inú igbó, gbé e sí ìpele tí òfin rẹ̀ le jù, tó fi jẹ́ pé láti 2017, a kò gbọ́dọ̀ ta èyí tí a mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn mọ́.

Ti ẹyẹlé kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ibùgbé rẹ̀: ẹyẹ ilé. Ó ti tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn èèyàn ti fa baba ńlá rẹ̀, ẹyẹ inú pàlàpálá àpáta, sọ́dọ̀. Charles Darwin, onímọ̀ nípa ẹ̀dá, sin ẹyẹlé fúnra rẹ̀, orí kìíní ìwé rẹ̀ ti 1859 lórí ìpilẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀yà ẹ̀dá ló sì ti fi wọ́n ṣàlàyé bí ẹran ọ̀sìn ṣe ń yí padà lọ́wọ́ ẹni tó ń sìn ín. Èyí tó wá ti òwe wa lẹ́yìn jù ni bó ṣe ń mọ ọ̀nà ilé. Ẹyẹlé tí a kọ́ dáadáa lè ti ibi tó jìn tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà padà sórí òrùlé tí a ti tọ́ ọ: ó ń wo oòrùn, ó ń gbọ́ òórùn inú afẹ́fẹ́, ó sì ń fi òòfà ilẹ̀ ayé mọ̀nà. Ní 1850, Paul Julius Reuter, oníṣẹ́ ìròyìn, fi ẹyẹlé gbé ìròyìn láàárín Aachen ní Jámánì àti Brussels ní Bẹ́ljíọ̀mù, nítorí pé wáyà tẹligíráàmù kò tíì so ìlú méjèèjì pọ̀. Ẹnikẹ́ni kò fi okùn so ẹsẹ̀ àwọn ẹyẹ wọ̀nyẹn.

Wọ́n á ní ẹyẹlé kò lè sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó tì wọ́n yóò rí ohun tó ju ọ̀rọ̀ lọ: akọ á wú ọ̀fun, á máa pòyì níwájú abo, méjèèjì á jọ máa gba ìsàba ẹyin méjì lọ́wọ́ ara wọn fún nǹkan bí ọjọ́ 18, bí ọmọ bá sì jáde, ti bàbá ti ìyá ni yóò máa fi ohun funfun bíi wàrà láti inú ọ̀fun wọn bọ́ ọ. Wọ́n á tún ní ẹran ètùtù ni, kì í ṣe ẹyẹ tí à ń sìn ṣeré. Lóòótọ́, ẹyẹlé wà lára ohun tí a fi ń bọrí, ẹlòmíràn sì ń sè é jẹ. Kí ìdílé ti pinnu èyí tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n tó rà á ni ìdáhùn mi, kí ọmọ tó fún un ní orúkọ lánàá má lọ rí i nínú ìkòkò lónìí. Àtakò tó wúwo jù ni ti àìsàn, nítorí eruku ìgbẹ́ rẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ìta ni kó máa sùn, kí a wọ́n omi sí ìgbẹ́ náà kí a tó ha á, kí a sì bo imú. Ẹni tí ikọ́ fée ń dà láàmú kò gbọ́dọ̀ sìn ín rárá. Mi ò ní tan ẹnikẹ́ni lórí èyí.

Ní ti yíyàn, méjì ni kí a rà, kó sì jẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá jẹun, tí kò tíì fò níta rí. Àgbà ẹyẹlé tí a rà lọ́jà, ilé ẹni tó tọ́ ọ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ọjọ́ tí a bá tú u sílẹ̀ ló ń padà sọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ ti torí èyí pe òwe náà nírọ́, wọn ò mọ̀ pé onílé mìíràn ni ẹyẹ náà kò yẹrí fún. Kí ojú rẹ̀ mọ́ gaara, kí imú rẹ̀ gbẹ, kí ìgbẹ́ má lẹ̀ mọ́ ọn nídìí, kí eegun àyà rẹ̀ má mú bí ẹnu ọ̀bẹ. Ẹyẹ a máa fi àìsàn pamọ́. Èyí tó bá ti wú ìyẹ́, tó ń tòògbé lọ́sàn-án, àrùn ti wọ̀ ọ́ lára, kí a má fi àánú rà á. Kí a bi dókítà ẹran nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára pẹ̀lú. Àpótí pákó tó ga kúrò nílẹ̀ tó o fún ilé, nítorí ejò, eku àti ológbò. Ọkà bàbà, àgbàdo àti ẹ̀wà gbígbẹ ni oúnjẹ rẹ̀, nǹkan bíi gíráàmù 30 sí 40 fún ẹyọ kan lójúmọ́, kó má bu rárá. Kò ní eyín, torí náà kí a fún un ní òkúta wẹ́wẹ́ tí iwe rẹ̀ yóò fi lọ oúnjẹ, àti ìkarahun ìgbín tí a rún, kí eepo ẹyin lè le. Omi rẹ̀ ní láti jìn díẹ̀, nítorí kì í mu bí adìẹ tó ń gbójú sókè. Ṣe ló ń ki ẹnu bọ̀ ọ́, tó ń fà á.

Kí a há wọn mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, níbi tí wọ́n ti lè máa wo òrùlé àti àgbàlá. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ kọ́kọ́ tú wọn sílẹ̀, kó jẹ́ ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n má tíì jẹun, kí a gbọn ọkà nínú agolo bí a ti máa ń ṣe nígbà oúnjẹ. Bí ọ̀kan bá sùn sórí igi aládùúgbò lóru ọjọ́ náà, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì má mọ́ tán kí omi àti ọkà tó wà lẹ́nu ọ̀nà àpótí rẹ̀.