Ta Ni Ó Jẹ Gbèsè Èéfín?

Àwọn àgbà wa ní, bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a fi yẹ ẹjọ́ kan wò láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ayé: èéfín carbon dioxide tí èédú, epo rọ̀bì àti gáàsì ń rú, tí ó sì ń mú ayé gbóná, ta ni ó pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ rẹ̀? Amẹ́ríkà ń nàka sí Ṣáínà, Ṣáínà ń nàka sí Amẹ́ríkà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà ṣe ìṣirò náà. Bí a bá ka ti ọdún kan ṣoṣo, Ṣáínà ni ọ̀gá. Láti 2006 ni ó ti kọjá Amẹ́ríkà. Nísinsìnyí èéfín rẹ̀ ju ìpín 30 nínú 100 lọ, ti Amẹ́ríkà sì jẹ́ nǹkan bí 13. Bí a bá kà á lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí à ń san owó orí, ẹjọ́ yí padà: ti ará Amẹ́ríkà kan jẹ́ nǹkan bí tọ́ọ̀nù 14 lọ́dún, ti ará Ṣáínà nǹkan bí 8, ti ọmọ Nàìjíríà kò tó tọ́ọ̀nù kan. Ọ̀nà kẹta ni ti òpìtàn: kí a kà á láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ náà kò farasin. Ní 1712, Thomas Newcomen, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tí ń fi agbára ooru omi fa omi jáde nínú kòtò ìwakùsà. Lẹ́yìn tí James Watt tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe dáadáa, èédú di oúnjẹ ilé iṣẹ́ òwú àti ti ọkọ̀ ojú irin. Ní 1850, ó ju ìdajì èéfín yìí ní gbogbo ayé tí ó ń ti Bìrìtéènì wá. Ó di 1888 kí Amẹ́ríkà tó kọjá rẹ̀. Ní tiwa, ọkọ̀ ojú irin kò dé Ìbàdàn títí di 1901.

Èmi fara mọ́ ìṣirò ti òpìtàn, nítorí pé èéfín yìí kì í parẹ́ bí èéfín ààrò. Òkun, igi àti ilẹ̀ ń gbà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n apá kan ń wà ní òfuurufú fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Èédú tí wọ́n sun ní Manchester nígbà Ọbabìnrin Victoria, apá kan èéfín rẹ̀ ṣì wà lórí wa lónìí. Nígbà tí Charles Keeling bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní 1958, ó jẹ́ nǹkan bí 315 nínú àádọ́ta ọ̀kẹ́ ìpín afẹ́fẹ́. Ní 2024 ó ti ju 420 lọ. Bí a bá ṣí ìwé gbèsè náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ìpín 24 nínú 100 jẹ́ ti Amẹ́ríkà, nǹkan bí 15 jẹ́ ti Ṣáínà, ti Bìrìtéènì kékeré sì ju 4 lọ. Ti gbogbo Áfíríkà lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bí 3.

Àwọn kan yóò ní àwọn baba wọn kò mọ̀. Òótọ́ ni fún Watt. Ṣùgbọ́n Svante Arrhenius, ará Sweden, ti ṣírò rẹ̀ ní 1896 pé bí èéfín yìí bá pọ̀ sí i, ayé yóò gbóná. Ó sì ju ìdajì gbogbo rẹ̀ tí a tú sílẹ̀ láti 1990. Ta ni yóò tún sọ pé òun kò gbọ́? Èyí kan Ṣáínà. Ó kan àwa náà, tí a rí epo ní Oloibiri ní 1956, tí a sì ń sun gáàsì dànù.

Síbẹ̀, gbèsè kò dọ́gba. Ní 1992, ní Rio de Janeiro, àwọn orílẹ̀-èdè gbà pé iṣẹ́ náà kan gbogbo ayé, ṣùgbọ́n pé ẹrù oníkálukú yàtọ̀. Ní Ayétòrò, ìlú tí a tẹ̀ dó sí etí òkun Ìlàjẹ ní 1947, òkun ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lọ. Ooru ayé nìkan kọ́ ni ó fà á, ṣùgbọ́n òkun tí ń ga sí i ń dá kún un. Èéfín tí àwọn ará ibẹ̀ rú kò sì tó nǹkan. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tí ó ṣu a máa gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Iṣẹ́ àwa tí à ń kọ́ ìtàn ni láti rán ẹni àkọ́kọ́ létí.