Olóde Wo Ló Mú Un Rí? Àríyànjiyàn Lórí Chickenpox àti Aláìsàn Kíndìnrín ní Òkè-Ògùn

Akẹgbẹ́ mi kan fọwọ́ sọ̀yà pé kò yẹ kí a máa da ara wa láàmú nípa chickenpox lára àgbàlagbà tí kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ògùn. Ẹ bi aláìsàn, ó ní. Bí olóde bá ti mú un rí, ó ti bọ́ nìyẹn. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ kíndìnrín àti bí ẹ̀rọ ṣe ń fọ ẹ̀jẹ̀ kò ṣàjèjì sí òǹkàwé wa. "Olóde" gan-an ni mo fẹ́ tú wò. Ní Ìgànná, ní Òkè-Ògùn, bí a bá ní olóde mú ẹnì kan, ó lè jẹ́ ṣànpọ̀nná, ó sì lè jẹ́ chickenpox. Ilẹ̀ẹ́gbóná náà bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí a fi ń pọ́n ọn lé ni, kí a má baà dárúkọ rẹ̀ ní gbangba. Fáírọ́ọ̀sì méjèèjì kò bára tan rárá: ẹni tó la ṣànpọ̀nná já kò tìtorí rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ chickenpox. Ọdún 1970 ni a rí ṣànpọ̀nná kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ní 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Bí ẹni tí a bí ní 1955 bá wá ní olóde mú òun ní kékeré, èwo ni? Àpá ṣànpọ̀nná máa ń jinlẹ̀, ó ń pọ̀ lójú, lápá àti lẹ́sẹ̀; ìléròrò rẹ̀ a jọ yọ, a jọ gbó, kì í sì í dá àtẹ́lẹwọ́ sí. Ti chickenpox pọ̀ láyà àti lẹ́yìn, tuntun sì ń yọ bí ògbólógbòó ti ń gbẹ. Àmọ́ ta ni yóò rántí? Ìyá àgbà ló rí i, ìyá àgbà sì ti lọ. Yàtọ̀ sí èyí, nílẹ̀ olóoru bíi tiwa, àgbàlagbà tí chickenpox kò tíì mú rí pọ̀ ju ti ilẹ̀ olótùútù lọ.

Ká tilẹ̀ gbà pé chickenpox ni. Fáírọ́ọ̀sì náà kò lọ. Ó sá pamọ́ sí ìdí iṣan ìmọ̀lára. Ìdọ̀tí tí kíndìnrín kò lè gbọ́n dànù ń sọ agbára ìjà ara di ọ̀lẹ, oògùn tí ẹni tó pààrọ̀ kíndìnrín ń lò tún ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, fáírọ́ọ̀sì á sì jáde bíi shingles. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè sọ bóyá ara ti mọ̀ ọ́n rí. Kò lè sọ bóyá ara ṣì lágbára láti bá a jà.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára chickenpox tí dókítà Takahashi ṣe ní Japan ní 1974, fáírọ́ọ̀sì ààyè tí a sọ di aláìlágbára ló wà nínú rẹ̀. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ìpààrọ̀ kíndìnrín ni a ń gbà á. Kò sí lára èyí tí ìjọba ń fún ọmọdé káàkiri Nàìjíríà. Acyclovir, oògùn tó ń bá fáírọ́ọ̀sì náà jà, ńkọ́? Kíndìnrín ló ń gbé e jáde. Bí a kò bá dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, ó lè da orí aláìsàn rú.

Atẹ́gùn ló ń gbé àrùn náà, ó sì ń ràn kí ìléròrò tó yọ. Aláìsàn Ìgànná gba Òkèhò àti Ìsẹ́yìn lọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní Ìbàdàn nínú mọ́tò tí a há mọ́ra, ó tún bọ́ sí yàrá tí ibùsùn tò sí. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ dín owó fífọ ẹ̀jẹ̀ kù láti 50,000 sí 12,000 náírà ní àwọn ilé ìwòsàn kan, UCH ní Ìbàdàn wà lára wọn. Owó mọ́tò kò gbọ́ ìròyìn náà.

N kò ní akẹgbẹ́ mi ṣìnà pátápátá. Mo kàn ń dábàá pé kí a má fi ẹnu aláìsàn rọ́pò àyẹ̀wò, bó ti wù kó dá a lójú tó.

Orúkọ olóde yìí ló ń pè mí báyìí. Mo ti ń kó ohun tí wọ́n ń pe àrùn awọ ara jọ ní Ìgànná, Ìwéré-Ilé àti Òkèhò, mo sì fẹ́ kọjá ẹnubodè lọ sí Benin, níbi tí àwọn Fọ̀n ti ń pe òrìṣà tó ni ṣànpọ̀nná ní Sakpata. Ẹ̀ẹ̀rùn ni mo kọ́kọ́ lọ bi àwọn àgbà. Wọ́n ní kí n padà wá nígbà òjò.