Egbò tí Kì í Dunni: Orúkọ Àìsàn Kan ní Ilẹ̀ Ààlà

Bí ènìyàn bá dúró ní Ìmẹ̀kọ, tí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ọ̀nà Kétu ni ó ń wò. Abẹ́ Alákétu ni Ìmẹ̀kọ wà tẹ́lẹ̀. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní 1889 ni ó pín ẹbí náà sí méjì. Àwọn òpìtàn ti sọ̀rọ̀ tó lórí ìṣèlú ààlà yìí. Ìtàn àìsàn kan tí ààlà náà kò dá dúró ni mo fẹ́ sọ.

Iṣẹ́ mi ni ọ̀rọ̀, nítorí náà n ó bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Ikọ́ fée ní orúkọ láàárín wa, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀tẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbátan kòkòrò méjèèjì, Mycobacterium ulcerans, kò rí orúkọ tirẹ̀ gbà. Egbò àdáàjinná ni a ń pe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, orúkọ kan náà tí a ń pe egbò àtọ̀gbẹ. Agbègbè kan ní Uganda ni àwọn oníṣègùn fi sọ ọ́ ní egbò Buruli. Kò sì ṣàjèjì sí wa: lẹ́yìn 1965, tí a sé odò kékeré kan di adágún ní ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ó mú lára àwọn tí ń gbé inú ọgbà náà. Ẹ̀yìnkùlé àwa ọ̀mọ̀wé gan-an ni ó gbà wọlé!

Kókó kékeré lábẹ́ awọ ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, ọmọdé ni ó sì ń mú jù. Kì í ro. Oró tí kòkòrò náà ń tú jáde, mycolactone, tí a mọ̀ ní 1999, ń jẹ ẹran ara, ó sì ń pa ìrora. Ta ni yóò gbé ọmọ tí kò sunkún lọ sí ilé ìwòsàn?

Ojú lásán kò tó láti dá a mọ̀. Bí a bá fi aró Ziehl-Neelsen kun omi egbò, maikirosíkóòpù yóò fi ọ̀pá pupa tín-ín-rín hàn, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni ti ikọ́ fée rí. Àyẹ̀wò PCR, tí ń wá àmì IS2404, ni ó ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ní Pobè, ìlú Nàgó lódìkejì ààlà, ibùdó ìtọ́jú rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ aláìsàn láti Ìpínlẹ̀ Ògùn gbà lọ, tí orúkọ wọn fi wọ ìwé ilẹ̀ mìíràn kí ó tó wọ tiwa. Rifampicin àti streptomycin fún ọ̀sẹ̀ 8 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2004. Clarithromycin ti rọ́pò abẹ́rẹ́ náà báyìí. Ẹni tí ó tètè dé ń gba oògùn. Ẹni tí ó pẹ́ ń gba iṣẹ́ abẹ, ẹlòmíràn a sì fi ẹsẹ̀ tí kò ṣeé nà mọ́ sọdá ààlà padà wálé.