Major Kì í Ṣe Róbọ́ọ̀tì

Bí ọ̀rọ̀ anime bá dé láàárín àwọn ọ̀dọ́ Jakpa Road, ní Effurun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà mọ́ Warri, kì í pẹ́ kí wọ́n tó dárúkọ Ghost in the Shell. Èyí tó pọ̀ nínú wọn á ní ìtàn róbọ́ọ̀tì tó fẹ́ di èèyàn ni. Àwọn tó kàwé dáadáa pàápàá ń sọ bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe gbáà ni, ó sì yẹ ká tún un ṣe, nítorí ó dorí ìbéèrè tí iṣẹ́ náà ń béèrè kodò.

Èèyàn ni Motoko Kusanagi, olú ẹ̀dá ìtàn náà, tí wọ́n ń pè ní Major. Ọpọlọ rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Ara yòókù ni wọ́n rọ nílé iṣẹ́. Kò wá bí yóò ṣe di èèyàn rárá. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni bí yóò ṣe mọ̀ dájú pé èèyàn lòun ṣì jẹ́, nígbà tí kò tíì fojú ara rẹ̀ rí ọpọlọ náà rí.

Ọdún 1989 ni Masamune Shirow bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà gẹ́gẹ́ bí ìwé alàwòrán, ẹ̀fẹ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Mamoru Oshii yọ èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀fẹ̀ náà kúrò nígbà tó sọ ọ́ di fíìmù lọ́dún 1995, ó sì fi ìrònú dípò rẹ̀. Ibẹ̀ la ti rí awakọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí, tó ń ráhùn nípa ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá mú un, wọ́n ní kó wo fọ́tò tó ń gbé kiri: kò sí ọmọ kankan níbẹ̀. Kò ní ìyàwó, kò bímọ. Ẹnì kan ló gbin ìrántí irọ́ sí i lọ́pọlọ. Awakọ̀ náà kì í ṣe róbọ́ọ̀tì, síbẹ̀ kò mọ ara rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù ohun tó ṣe é gan-an ló ń ba Major.

Fíìmù Ghost in the Shell tí Scarlett Johansson ti kópa lọ́dún 2017 dá kún ìdàrúdàpọ̀ yìí. Níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan jí ìgbésí ayé ọmọbìnrin kan, ọmọbìnrin náà sì ń wá a padà. Ìtàn olè ni wọ́n sọ ọ́ dà, mi ò sì rò pé ó jinlẹ̀ tó ti Oshii.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó ṣòro fún ọmọ Yorùbá. Nínú The Palm-Wine Drinkard, tí Amos Tutuola ọmọ Abẹ́òkúta tẹ̀ jáde lọ́dún 1952, tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá sì gbé sórí ìtàgé ní Ìbàdàn lọ́dún 1963, ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé arẹwà ọkùnrin kan kúrò lọ́jà. Bí wọ́n ṣe ń wọ igbó lọ ni ọkùnrin náà ń dá ẹ̀yà ara tó háyà padà fún àwọn tó ni wọ́n, tó ń sanwó wọn: ẹsẹ̀, ikùn, apá, títí ó fi ku agbárí. Agbárí ni tẹ́lẹ̀. Ó yá ara kó lè jọ èèyàn. Irú rẹ̀ ni àwọn èèyàn ń pe Major. Ṣùgbọ́n Major ti jẹ́ èèyàn kó tó gba ara tí kì í ṣe tirẹ̀. Nínú fíìmù 1995, lẹ́yìn tó lúwẹ̀ẹ́ tán, ó ń bá Batou, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ ojú omi. Ó ní táwọn bá fiṣẹ́ sílẹ̀, àwọn gbọ́dọ̀ dá ara náà padà fún ìjọba, ohun tó máa ṣẹ́kù kò sì ní pọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ orí ọkọ̀ yẹn kẹ́ ẹ tó tún pe Major ní róbọ́ọ̀tì.