Orin Ìbẹ̀rẹ̀ Eré: Ohun Tí Àsìkò Fi Ń Mú Un Dùn

Bí ìlù ọba bá ń dún bọ̀ lọ́nà jíjìn, àgbà Yorùbá kò ní í dúró di ìgbà tó bá fojú rí ọba kó tó mọ ẹni tó ń bọ̀. Irú iṣẹ́ yìí ni orin ìbẹ̀rẹ̀ eré ń ṣe lórí amóhùnmáwòrán. Ṣùgbọ́n orin kì í gba ipò yìí lọ́jọ́ kan.

Ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ní 1977, ìjọba ológun gbé òfin NTA jáde, ó sì kó àwọn iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán sábẹ́ àṣẹ kan. Bí eré kan náà ṣe wá ń wọlé àwọn ará Èkó, Jos àti Enugu nìyẹn.

Ọ̀kan nínú wọn ni Cock Crow at Dawn, tó gbòde ní àwọn ọdún 1980. Báńkì UBA ló ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀, láti fa ọkàn àwọn ènìyàn padà sí iṣẹ́ àgbẹ̀ lẹ́yìn tí owó epo rọ̀bì ti sọ oko di ahoro. Bongos Ikwue, ọmọ Idoma láti Otukpo, ló kọ orin rẹ̀. Orin pẹ̀lẹ́ ni, kò ní ariwo tó ń gba ènìyàn létí tipátipá. Síbẹ̀, ó wọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lára.

Kí ló fà á? Ní 1968, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, Robert Zajonc, fi hàn pé bí a bá ń ṣalábàápàdé nǹkan léraléra, a máa ń fẹ́ràn rẹ̀ sí i. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Ìpolówó ọjà náà ń tún ara rẹ̀ sọ, ó sì ń sú ni. Ohun tí a ń retí ni orin eré ń ṣílẹ̀kùn fún. Òun ló ń pe ìyá láti ìdí ààrò, tó ń pe àwọn ọmọ aládùúgbò wá síwájú ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó wà lágboolé. Ayọ̀ ìpéjọpọ̀ yẹn ló ń lẹ̀ mọ́ ohùn orin díẹ̀díẹ̀.

Ní 2017, Netflix gbé bọ́tìnnì kan jáde tí òǹwòran lè fi fo orin ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ kò jẹ̀bi, iṣẹ́ pọ̀, àsìkò kò tó. Ṣùgbọ́n orin tí a ń fò kò lè gbó sínú ẹni, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń dá wò lórí fóònù kò ní ẹni tí yóò bá a gbè é.

Àdánù gidi ni èyí, nítorí orin máa ń pẹ́ ju àwòrán lọ. Ọ̀pọ̀ téèpù eré àtijọ́ ti bàjẹ́. Wọ́n ti gba nǹkan mìíràn lé òmíràn lórí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti gbàgbé ìtàn inú Cock Crow at Dawn ṣì lè kọ orin rẹ̀. Kí ẹ̀yin tó ń ṣe eré lónìí má ṣe fi orin ṣe ohun àfiṣeré: ó lè jẹ́ òun nìkan ni yóò kù nínú iṣẹ́ yín.